Ohun Tí A Jẹ Khalid: Géèmù Àtijọ́, Géèmù Òde Òní àti Gbèsè Alábàárìn

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. A ti pa ọ̀rẹ́ bàbá wa rí.

Inú géèmù ni o, ẹ má pariwo. Orúkọ géèmù náà ni Baldur's Gate. Ilé-iṣẹ́ BioWare ní Kánádà ló ṣe é, ó sì jáde ní 1998. Ó ti pẹ́ tó ti jáde kó tó kàn wá. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan, tí fáànù inú ẹ̀ ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, la fi gbá a. Bí ìtàn náà ṣe lọ nìyí: ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ kúrò nílé, ọ̀tá pa Gorion, alágbàtọ́ tó tọ́ yín dàgbà, lójú yín. Kó tó kú, ó ti sọ fún yín pé bí nǹkan kan bá ṣe òun, kí ẹ lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ òun méjì ní ilé ìtura kan tó ń jẹ́ Friendly Arm. Tọkọtaya ni wọ́n. Khalid ni ọkọ, Jaheira ni ìyàwó.

Jaheira wúlò. Ó mọ ogun jà, ó sì mọ ìwòsàn. Khalid ní tiẹ̀ ń kólòlò, àyà ẹ̀ kì í sì í pẹ́ já. Bí ogun bá gbóná, ó lè fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ẹni mẹ́fà péré ni ẹgbẹ́ lè gbà, a sì ti rí jagunjagun mìíràn tó dáa jù ú lọ. A fẹ́ ìyàwó, a ò fẹ́ ọkọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí ẹ bá ní kí ọkọ máa lọ, ìyàwó á bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti kọ́ wa lọ́gbọ́n: bí ọkọ bá kú, tí ẹ wá yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, ìyàwó á dúró. La bá bọ́ aṣọ ogun lára Khalid, a gba idà ọwọ́ ẹ̀, a ní kó máa lọ bá àwọn ọ̀tá lóun nìkan. Ó lọ. Kò pẹ́ rárá, iṣẹ́ ti parí. A rẹ́rìn-ín, a pín ẹrù ẹ̀, a tẹ̀síwájú.

Nílé wa, ọ̀rẹ́ bàbá ẹni, bàbá ẹni ni. Kò sí ẹni tó rántí ìyẹn lọ́jọ́ náà.

Kóòdù kíkọ la fi ń jẹun báyìí, a sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa. A mọ ohun tí Khalid jẹ́. Nọ́ńbà díẹ̀ nínú fáìlì kan ni: agbára ẹ̀ tó báyìí, ẹ̀mí ẹ̀ kù báyìí, ìgboyà ẹ̀ ò tó nǹkan. Kò sí ẹni tó kú. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn wa, ó sì ti di ìbéèrè sí wa lọ́rùn: gbèsè wo la jẹ àwọn tó ń bá wa rìn? Ṣé géèmù àtijọ́ ló mọ ìdáhùn ẹ̀ jù ni, àbí ti òde òní?

Fún ẹni tí kò bá mọ irú géèmù tí à ń sọ: RPG ni wọ́n ń pè é, èyí tó jẹ́ ti ẹlẹ́gbẹ́. Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo lẹ máa darí. Jagunjagun á wà níwájú, oṣó àti àlùfáà á wà lẹ́yìn, olè tó mọ pańpẹ́ í tú á wà láàrin. Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938 ti mọ bó ṣe ń rí. Àkàrà-oògùn ò dá lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn bá a lọ, Ìmọ̀dòye ọlọ́gbọ́n bá a lọ, Olóhùn-iyọ̀ akọrin bá a lọ, àti àwọn yòókù. Olúkúlùkù ló ní ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe tí ẹnì kejì ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nínú ìwé, òǹkọ̀wé ló ń pinnu ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí Kàkó. Nínú géèmù, ọwọ́ wa ni ẹ̀mí Kàkó wà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìwà ti wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1981, Andrew Greenberg àti Robert Woodhead gbé Wizardry jáde fún kọ̀ǹpútà Apple II. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ṣẹ̀dá ẹni mẹ́fà, ẹ ó sọ wọ́n lórúkọ, ẹ ó sì kó wọn wọ ihò abẹ́ ilẹ̀. Àwòrán ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìlà lásán lọ. Àwọn mẹ́fà yìí kì í sọ̀rọ̀. Wọn ò ní ìyá, wọn ò ní bàbá, wọn ò ní ohun tí wọ́n fẹ́ràn tàbí ohun tí wọ́n kórìíra.

Ṣùgbọ́n ikú wọn kì í ṣe eré. Bí ẹnì kan bá kú, ẹ máa gbé òkú ẹ̀ lọ sí tẹ́ńpìlì, ẹ ó sanwó kí wọ́n bá yín jí i. Wọ́n lè rí i jí, wọ́n sì lè má rí i jí. Bí wọn ò bá rí i jí, á di eérú. Ẹ tún lè sanwó mìíràn, tó jù ti àkọ́kọ́ lọ, lórí eérú náà. Bí ìyẹn bá tún kùnà, ó ti parí nìyẹn, ẹni náà ti lọ títí láé. Bí gbogbo ẹgbẹ́ bá kú sínú ihò, inú ihò ni òkú wọn máa wà títí ẹ ó fi dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, tí ẹ ó sì rán wọn lọ gbé àwọn ti àkọ́kọ́ wá. Bí ikú bá sì ti ṣẹlẹ̀, géèmù á kọ ọ́ sórí dísìkì lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan máa ń sáré fa dísìkì yọ kó tó kọ ọ́ tán. Ọmọ aráyé! Kò sí ìgbà kan tí a ò wá ọ̀nà àtibọ́ nínú ohun tí a fọwọ́ ara wa ṣe.

Ẹ̀dà tí ilé-iṣẹ́ Digital Eclipse tún ṣe, tó jáde ní 2024, la fi mọ Wizardry. A pinnu láti gbá a bí wọ́n ṣe ń gbá a láyé ọjọ́un, a sì fi orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ wa sọ àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Lọ́jọ́ kan, àlùfáà wa kú. Owó ọwọ́ wa ò tó èyí tí tẹ́ńpìlì ń bèèrè. Odindi ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta la fi ń wọ ihò, tí à ń jáde, tí à ń ṣa owó jọ nítorí ẹni tí kò bá wa sọ gbólóhùn kan rí. A kó owó náà lọ. Ó di eérú.

A jókòó, a ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé àlùfáà yẹn ní ìtàn kankan. Ohun tó dùn wá ni wàhálà tí a ti ṣe lórí ẹ̀, àti pé kò sí ọ̀nà àtipadà. Ohùn tí kò ní, àwa la fi sí i lẹ́nu.

Ó yá, ẹ bá wa fò wá sí Oṣù Kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí Larian Studios ti ìlú Ghent ní Belgium gbé Baldur's Gate 3 jáde. Èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ odi. Karlach wà níbẹ̀, obìnrin tí wọ́n yọ ọkàn ẹ̀ kúrò láyà tí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì ọ̀run àpáàdì rọ́pò ẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ara ẹ̀ ń jó, kò sì lè dì mọ́ ẹnikẹ́ni. Astarion wà níbẹ̀, tó ti ṣe ẹrú fún ọ̀gá ẹ̀ fún 200 ọdún. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń bínú, wọ́n ń dákẹ́, ojú wọn ń yí padà bí ojú èèyàn. Wọ́n sì lè kọ̀. Bí ẹ bá dara pọ̀ mọ́ àwọn tó fẹ́ pa àwọn ogun-lé-ń-dé tó sá wá sínú igbó, Wyll àti Karlach ò ní bá yín lọ mọ́. Wọ́n á fi yín sílẹ̀. Lójú tiwa, ohun ńlá nìyẹn. Ẹgbẹ́ Wizardry ò lè fi wá sílẹ̀ láé, torí pé kò sí ẹnikẹ́ni nílé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwa ṣe sí ẹ̀bùn náà. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ tàbí tí ẹ hùwà, ọ̀rọ̀ kékeré kan á yọ lójú kọ̀ǹpútà: Astarion fọwọ́ sí i. Gale kò fọwọ́ sí i. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ kejì, a rí i pé a ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn là ń wò. Bí Shadowheart ò bá fọwọ́ sí i, a tẹ F8, a padà sí ibi tí a ti fi F5 séèfù, a yan ìdáhùn mìíràn. A di ọlọ́jà tó ń wo ojú oníbàárà kó tó mọ iye tó máa pè é. Tí ẹnì kan nínú wọn bá kú, Withers wà ní àgọ́ tó máa fi 200 owó wúrà jí i, owó tí kò ni ẹnikẹ́ni lára. Àwọn èèyàn tó ń sunkún, tó ń rẹ́rìn-ín, a wá ń lò wọ́n bíi tẹlifíṣọ̀n: bí ìkànnì yìí ò bá dùn, à á yí i.

Kì í ṣe Baldur's Gate 3 ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nínú Dragon Age: Origins tó jáde ní 2009, ìfẹ́ alábàárìn sí yín ní òṣùwọ̀n tó hàn gbangba, láti 100 lábẹ́ òdo títí dé 100 lókè ẹ̀, ẹ̀bùn sì lè gbé e sókè. Ẹ lè ṣe ohun tó bí èèyàn nínú láàárọ̀, kí ẹ fún un ní nǹkan kan nírọ̀lẹ́, kí ọ̀rọ̀ tutù. A mọ àwọn kan tó ń gbé ilé bẹ́ẹ̀ lójú ayé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Àwa tí à ń kọ kóòdù ò lè bá wọn jà jù lórí nọ́ńbà. Kọ̀ǹpútà ò ní ibòmíràn tó lè kó ìfẹ́ sí ju inú nọ́ńbà lọ. Ní 1985, Ultima IV ti Richard Garriott náà ń fi nọ́ńbà ka ìwà. Afọ́jú kan wà níbẹ̀ tó ń ta ewé àti egbò, òun á ní kí ẹ fúnra yín ka owó tí ẹ máa san. Ẹ lè fún un ní iye tí kò pé. Kò ní mọ̀. Géèmù mọ̀ ní tiẹ̀, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní pariwo lójú ẹsẹ̀. Ó máa pẹ́ kí ẹ tó rí i pé ọ̀nà tí ẹ ń wá ti jìn sí yín. Nítorí náà, nọ́ńbà nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ìṣòro wà nínú fífi nọ́ńbà hàn wá, torí ohun tí wọ́n bá ti fi nọ́ńbà hàn èèyàn, nọ́ńbà náà ló máa ń lé, á sì gbàgbé ohun tí nọ́ńbà ọ̀hún ń wọ̀n.

Ibi tí a wá dé lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé gbèsè láàrin èèyàn méjì nílò ohun méjì kó tó lè jẹ́ gbèsè. Àkọ́kọ́, ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó lè kọ̀, tó ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀ lẹ́nu. Ìkejì, ohun tí ẹ bá ṣe sí i gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí kò ṣe é mú padà. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Géèmù àtijọ́ fún wa ní ẹyin tó ń fọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Ti òde òní fún wa ní ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, ó wá fi F8 sí wa lọ́wọ́ ká lè máa kó ẹyin nílẹ̀ bí ẹni pé kò bọ́ rí.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa máa ń sọ pé ti àtijọ́ ló dáa jù, pé ọmọ ìsinsìnyí ò lè fara da ìyà. A ò gbà. Ẹgbẹ́ odi yẹn gan-an ló kọ́ wa láti máa wo èèyàn bí ohun èlò: èwo ló ń gbá ọ̀tá jù, èwo ló ń jẹ ààyè lásán. Ojú tí a fi wo Khalid nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìpadàsẹ́yìn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Iná lè lọ. Géèmù fúnra ẹ̀ lè dákú. Ẹni tó ti iṣẹ́ dé lálẹ́, tó ní wákàtí kan péré fún ara ẹ̀, kò yẹ kó pàdánù iṣẹ́ oṣù kan nítorí àṣìtẹ̀ bọ́tìnnì. Ní òpin Oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Larian fi Honour Mode kún un: ibi kan ṣoṣo ni géèmù ń séèfù sí, èyí tó bá ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. A gbìyànjú ẹ̀. A kú kó tó jìnnà, ṣùgbọ́n a ṣàkíyèsí ohun kan. Torí pé kò sí ọ̀nà àtipadà, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn dé òpin ká tó dá wọn lóhùn.

Géèmù kan wà tó jọ pé ó mú ohun méjèèjì pọ̀, láàrin ayé àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí: Planescape: Torment, ti 1999. Ẹni tí ẹ jẹ́ níbẹ̀ kì í kú, ó sì ti gbàgbé gbogbo ayé tó ti gbé ṣíwájú. Akínkanjú kan tó ń jẹ́ Dak'kon ń tẹ̀lé e torí pé ó ti búra láti máa sìn ín títí onítọ̀hún á fi kú. Ẹni tí kì í kú! Bí ẹ ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ dé ọjọ́ lẹ máa wá mọ̀ pé ẹ̀yin fúnra yín, nínú ayé kan tí ẹ ti gbàgbé, lẹ fi ẹ̀tàn dè é. Ìgbà tí ìgbàgbọ́ ẹ̀ mì lẹ wá fún un ní ẹ̀kọ́ tó máa tù ú nínú, nítorí pé ẹ fẹ́ lo idà ẹ̀. Ìṣòtítọ́ tí ẹ ti ń jẹ ní àjẹgbádùn látàárọ̀, ẹ̀tàn yín ló bí i. Kò sì sí F8 tó lè dé ibẹ̀, torí ó ti ṣẹlẹ̀ kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kù fún yín kò ju kí ẹ mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì pinnu irú ẹni tí ẹ máa jẹ́ sí i láti ìsinsìnyí lọ.

Ìdí tí a fi ń ro gbogbo èyí ni pé a ti ṣe ti Khalid lójú ayé.

Àwa mẹ́rin la jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sọ́fítíwíà kékeré kan. Ẹnì kan nínú wa ló ń yẹ kóòdù wò kó tó jáde, òun náà ló ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lóru. A ní ohun èlò kan tó ń ka iye iṣẹ́ tí olúkúlùkù bá parí lọ́sẹ̀. Nọ́ńbà tiẹ̀ ló máa ń kéré jù, torí wàhálà tí èèyàn bá dènà kí ó tó ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kà á. Nígbà tí oníbàárà ńlá kan gé owó tó ń san fún wa, a wo nọ́ńbà, a sì pinnu. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ti gba kọ́kọ́rọ́ gbogbo ìkànnì iṣẹ́ wa lọ́wọ́ ẹ̀ ká tó kọ sí i lórí WhatsApp pé kó máa lọ. Ó ka ọ̀rọ̀ náà. Kò bèèrè nǹkan kan. Ó kúrò nínú gúrúùpù.

Òótọ́ ni pé lẹ́yìn ìyẹn, òru wa bàjẹ́. Àṣìṣe ń jáde, àwọn oníbàárà ń bú wa. Ṣùgbọ́n a ò fẹ́ parí ìtàn yìí síbẹ̀. Bí a bá ní ó dùn wá torí pé ó wúlò, nọ́ńbà náà la ṣì ń kà. A kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ ọ́n kà ni. Bí kò bá wúlò rárá ńkọ́? Ó bá wa jáde nílé. Ó jẹun níbi tí a ti jẹun. Ó yẹ ká pè é jókòó, ká wò ó lójú, ká sọ fún un pé owó ò tó mọ́, ká sì fún un láàyè kó bínú sí wa. Ìyẹn gan-an la sá fún. A ò fẹ́ rí ojú ẹ̀.

Lẹ́yìn bí ọdún kan, a kọ̀wé sí i. A ò bẹ̀ ẹ́ kó padà wá. A kàn sọ ohun tí a ṣe, bí a ṣe ṣe é gan-an, a sì tọrọ àforíjì. Ó fèsì pé, "Mo ti rí i. Ẹ ṣé." Ọ̀rọ̀ kékeré kankan ò yọ lókè láti sọ fún wa bóyá ó fọwọ́ sí i.

Nínú Baldur's Gate 2, tó jáde ní 2000, Khalid ti kú ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ẹ máa bá òkú ẹ̀ nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n tì yín mọ́, Jaheira á sì ṣọ̀fọ̀ ọkọ ẹ̀ lójú yín. Nígbà àkọ́kọ́ tí a débẹ̀, a fò ó kọjá. Lóṣù tó kọjá, a tún gbá apá kìíní láti ìbẹ̀rẹ̀. A mú Khalid dání títí dé òpin. Ó ń sá lójú ogun, ó ń kólòlò, ó sì fi wá ṣòfò lẹ́ẹ̀mejì. Àyè ẹni tó dáa jù ú lọ ló gbà, a sì jẹ́ kó gbà á.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbá irú géèmù yìí, ẹ gbìyànjú ohun kan fún wa. Nígbà mìíràn tí alábàárìn yín bá bínú sí yín, ẹ má tẹ F8. Ẹ jẹ́ kó bínú, kí ẹ sì máa bá ìrìn àjò yín lọ pẹ̀lú ìbínú náà. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí wa, ẹ sọ bó ṣe rí.